Ahọ́n Agogo Tó Wà Nínú Àpò Bàbá Àgbà

Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tí kì í ṣe òtítọ́. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí mò ń kọ nípa rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ti ń hun ìtàn àròsọ, ẹni tó bá sì mọ̀ mí lè rò pé iṣẹ́ tó kọ́ mi ni mò ń ṣe. Rárá o. Ohun tí mo bá gbàgbé, n óò sọ pé mo gbàgbé e. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, n óò dárúkọ onítọ̀hún. Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, àkọ́bí Bàbá àgbà ló sì bí mi.

Bàbá àgbà kú ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ní ibùdókọ̀ Fájuyì ní Adó, nínú ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Ìgbẹmọ, kí ọkọ̀ náà tó kún. Kò ṣàìsàn. Ó mu ògì, ó jẹ àkàrà, ó sì sọ fún Yèyé, ìyẹn ìyá àgbà mi, pé àkàrà rẹ̀ le ju òkè Olósùnta lọ.

"Eyín yín ló ti tán, Tíṣà," ni Yèyé dá a lóhùn. "Ẹ má purọ́ mọ́ àkàrà mi. Ẹ tètè padà sí ulé o."

Ó rẹ́rìn-ín jáde. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, awakọ̀ kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí nilé Tíṣà? Bàbá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní tó bá ti ku ẹyọ èrò kan kí n sọ fún àwọn, káwọn lè to ọ̀rọ̀ táwọn ń lọ sọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo ní, 'Bàbá, ó ti ku ẹyọ kan o.' Wọn ò dáhùn. Mo tún pè wọ́n..."

Yèyé kò sunkún. Ó kàn ń wo abọ́ àkàrà tó wà lórí tábìlì. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú àkàrà mi tán ni," ni ó ń sọ. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú àkàrà mi tán."

Awakọ̀ náà gbé àpò Bàbá kalẹ̀. Bíbélì wà nínú rẹ̀, àti awò ojú, àti iṣu kan, àti aṣọ ìnujú funfun kan tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí a fi di irin dúdú kékeré kan tó gùn tó ìka àárín ọwọ́ mi, tí orí rẹ̀ kan sì rí róbótó. Bàbá mi yí irin náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní bóyá ara ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló ti já, ó sì fẹ́ jù ú nù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ irin náà. N kò rí i rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Inú ìtàn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Kí n tó sọ ìtàn náà, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó máa ń sọ ọ́.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a sì ti jẹ iyán tán, àwa ọmọ-ọmọ a péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀ tí a fi igi ìrókò kàn, tí kò ga ju orúnkún lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ ìtàn nínú ilé yẹn, ìbáà jẹ́ àlọ́, ìbáà jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ilé ẹ̀kọ́, dandan ni kó jókòó lórí àpótí náà, kó kọjú sí àwa yòókù. Kò yọ àgbà sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Yèyé ti Ọjà Ọba dé, tí igbá ata ṣì wà lórí rẹ̀, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìjà àwọn obìnrin méjì láti ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó ná," ni Bàbá wí.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé àpótí ni yóò sọ ata kalẹ̀ fún mi?"

Ṣùgbọ́n ó sọ ata kalẹ̀, ó jókòó. Bàbá bi í pé níbo ló dúró sí nígbà tí ìjà náà ń lọ. Yèyé ní òun kò sí níbẹ̀, ìyá elépo ló sọ fún òun. Ṣé ìyá elépo wà níbẹ̀? Yèyé wolẹ̀. Ó ní ọmọ ìyá elépo ló wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí Yèyé náà fi bá wa rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹni tó bá jókòó sórí àpótí yìí gbọ́dọ̀ sọ ibi tó dúró sí."

Nígbà tí olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ kọ ibùdó ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn sára pátákó, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń dárúkọ àwọn ará ilé wa. Mo ti bá wọn jẹun pọ̀. Bí Bàbá ṣe ṣàlàyé àhunpọ̀ ìtàn fún wa rèé: "Òjò rọ̀, Káyọ̀dé ṣubú. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì nìyẹn, ẹ kò tíì ní ìtàn. Òjò rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, Káyọ̀dé gbọ́ ìró odó, ó sáré kí wọ́n má baà jẹ iyán tán, ó ṣubú. Ìtàn dé nìyẹn."

Káyọ̀dé, ọmọ àbúrò bàbá mi, fajú ro. "Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo máa ń ṣubú?"

"Nítorí pé ìwọ lo fẹ́ràn iyán jù. Ìwà ni í ti ìtàn lọ, Káyọ̀dé, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Òun náà ló kọ́ wa pé oríṣi asọ̀tàn méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni arínúróde, tó mọ ohun tó wà nínú ọkàn gbogbo ènìyàn, tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìtàn náà rárá. Èkejì ni ojú-mi-ló-ṣe, tó ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ó ní arínúróde rọrùn láti jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó lè bi í léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?"

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń jà. Ní ọdún kan, àwọn ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì wa ń múra eré Àjíǹde sílẹ̀. Aṣáájú wọn ní kí ẹni tó ṣe olè wọ aṣọ dúdú, kó sì máa tiro, kí àwọn òǹwòran lè tètè dá a mọ̀. Bàbá dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Olè wo lo rí tó ń tiro?"

"Tíṣà, eré ni, sà."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Aṣọ funfun ni olè ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fún un ní ọ̀rọ̀ àdásọ. Jẹ́ kó dá dúró lórí ìtàgé, kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa."

"Ẹ̀ ń ṣe alágbàwí olè, Tíṣà?" ni ẹnìkan ké láti orí ìtàgé, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, a bọ́ sóde. Odidi ọdún kan ni kò fi wo eré wọn mọ́. Mo rò pé ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín ló dùn ún. Nígbà tí a ń lọ lójú ọ̀nà, ó ní: "Ẹni tí a kò bá fún ní ọ̀rọ̀ sọ nínú eré, òun ni gbogbo òǹwòran ń dá lẹ́bi."

Ó tó àkókò wàyí kí n sọ ìtàn náà. Bí iṣu tuntun bá ti jáde lọ́dọọdún, Bàbá a jókòó sórí àpótí, a sì sọ ọ́. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà rí.

Tíṣà kan wà ní ìlú kan. Alágogo kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí tíṣà náà ti ń kọ́ni. Àjèjì ni alágogo yìí ní ìlú náà. Òun ló ń gbá ọgbà, òun ló ń lu agogo, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni agogo náà wà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tíṣà náà fẹ́ lo agogo nínú eré ìparí ọdún tó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó yọ ọ́ lára ìṣó tí ó so rọ̀ sí, kò tọrọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń gba ọ̀nà oko bọ̀ láti ibi ìdánrawò, ó ṣàkíyèsí pé agogo kò dún mọ́. Ahọ́n agogo, irin kékeré tó máa ń lù ú nínú, ti jábọ́. Ó wá a, kò rí i. Ó dá agogo padà sórí ìṣó, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, alágogo na agogo sókè, ó mì í, kò dún. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà bèèrè ẹni tó ṣe é. Àwọn olùkọ́ ní ta ni ì bá tún ṣe é bí kì í bá ṣe àjèjì, ó ti tà á fún alágbẹ̀dẹ. Tíṣà náà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta, bàbá ọmọge tó fẹ́ fẹ́ sì jẹ́ àgbà ìjọ tí kì í fi ọmọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Wọ́n lé alágogo lójú gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà náà dá nìkan gba ọ̀nà oko náà, ó sì rí ahọ́n agogo lábẹ́ igi ìsin. Ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀ jáde, funfun, tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ó fi dì í, ó fi sápò.

Ibẹ̀ ni ìtàn náà máa ń parí sí. Bí a bá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí alágogo, Bàbá a ní, "Ìtàn kò tíì débẹ̀."

Lọ́dún tó kọjá, ó fi ìtàn náà dán mi wò. Mo ní alágogo ni olú ẹ̀dá ìtàn, kókó ọ̀rọ̀ sì ni ìrẹ́jẹ. Ó bi mí pé, "Ta ló ń sọ ọ́?" Mo fi ìgboyà dáhùn pé asọ̀tàn arínúróde ni, nítorí pé ó mọ ohun tó wà lọ́kàn tíṣà náà, ó sì rí i lábẹ́ igi ìsin níbi tí kò sí ẹlòmíràn. Bàbá wò mí pẹ́. Ó fún mi ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

"Méjì yòókù ńkọ́, Bàbá?"

"Méjì yòókù wà níbi tí o kò tíì wò."

Mo wò ó wàyí. Mo jókòó sórí ibùsùn mi ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó kú, mo fi irin náà lé àtẹ́lẹwọ́, mo sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ bó ti kọ́ mi. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà lábẹ́ igi ìsin. Ẹnìkan ṣoṣo ló rí aṣọ ìnujú náà. Èyí kì í ṣe arínúróde. Ojú-mi-ló-ṣe ni, tó sá sẹ́yìn "tíṣà kan". Bàbá tó kọ́ wa pé kí ẹni tó bá jókòó sórí àpótí sọ ibi tó dúró sí, òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Ó wù mí kó jẹ́ pé mo ṣì í rò ni.

Mo lọ bá Yèyé nídìí ààrò. Mo bi í bóyá Bàbá ti kọ́ni ní ìlú mìíràn rí kó tó wá sí Adó.

"Ìgbẹmọ ni. Kí a tó ṣe ìgbéyàwó ni. Kí ló dé?"

Mo ṣí aṣọ ìnujú náà, mo gbé irin lé e lọ́wọ́. Ó wo irin, ó wo etí aṣọ náà. Ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jésù mi. Bàbá mi ni àgbà ìjọ yẹn." Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó tún ṣí i. "Bọ́sẹ̀, èmi ni ọmọge yẹn! Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ tán ni mo sì máa ń bú tíṣà náà. Ojú rẹ̀ ni mo ti ń bú u! Ṣé o mọ ohun tó máa ń sọ fún mi? Ó máa ń ní, 'Bú u dáadáa.'"

Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè. "Ta ló ń gbé uṣu lọ fún lọ́dọọdún ní Ìgbẹmọ? Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Bàbá Ìlá. N kò rí ọkùnrin náà rí."

Bàbá mi ní kí n kọ ìrántí tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó ní, "Kọ ohun rere, Bọ́sẹ̀. Ohun rere náà kì í ṣe irọ́." Mo kọ ohun rere. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ṣe àmín. Kò sí agogo nínú ìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Yèyé wọ ọkọ̀ ní Fájuyì. Yèyé kọ̀ láti jókòó síwájú. Nígbà tí a dé Ìgbẹmọ, a bi obìnrin kan tó ń sá ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pé níbo ni ilé Bàbá Ìlá.

"Bàbá Ìlá wo? Ajáhọ́n-agogo?" ni obìnrin náà wí, ó sì nawọ́ sí ilé náà láì ronú, bí ẹni tó pe ènìyàn ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kò lè ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Wọn kò tíì bí i nígbà tí wọ́n lé alágogo. Yèyé gbá mi lápá mú.

Bàbá Ìlá jókòó sójú oòrùn ní iwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Yèyé kúnlẹ̀, ó sọ ẹni tí òun jẹ́.

"Ìyàwó Tíṣà! Ẹ káàbọ̀ o. Tíṣà dà? Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, mo dúró dè é títí oòrùn fi wọ̀."

"Bàbá," ni Yèyé wí, "ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ló wà tó fi lọ."

Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ ti Yèyé, mo gbé irin náà sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá arúgbó náà. Kò bèèrè ohun tó jẹ́. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi róbótó orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìka méjì dì í mú, ó mì í lẹ́ẹ̀mejì nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni pé agogo ṣì wà lára rẹ̀.

"Mo ti mọ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá jókòó tì mí, tó ní 'Tíṣà kan wà,' ni mo ti mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ì bá mọ̀ pé abẹ́ igi ìsin ló bọ́ sí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́, Bàbá?" N kò mọ ìgbà tí ìbéèrè náà jáde lẹ́nu mi.

"Ọmọ mi, bí mo bá gbà á sọ mọ́ ọn lẹ́nu, kí ni yóò kù fún un láti sọ? Mò ń dúró dè é ni. Lọ́dọọdún ni mo ń rò pé ọdún yìí ni."

Yèyé dìde. Ó bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó pe obìnrin onírẹsì náà, àti àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, àti àwọn àgbà tó wà lábẹ́ igi. Ó bèèrè àpótí. Wọ́n gbé ọ̀kan tó rẹlẹ̀ wá fún un, ó jókòó lórí rẹ̀, ó kọjú sí gbogbo wọn.

"Adó ni mo ti wá," ni ó wí. "N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀. Òun ló mú agogo. Èmi ni ọmọge tí ọkọ mi kò fẹ́ pàdánù. Ẹ má pe bàbá yìí ní orúkọ yẹn mọ́."

Obìnrin onírẹsì náà wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ìlá, ó ń sunkún. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló kọ ojú sí.

"Ọmọ Tíṣà, ṣé ó sọ ohun tó ń bọ̀ wá sọ fún mi?"

Mo sọ fún un pé awakọ̀ ní ó fẹ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ku ẹyọ èrò kan. Mo sọ fún un pé a kò rí irin náà lọ́wọ́ rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Irú ọ̀rọ̀ wo?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè. Mo bi awakọ̀, mo bi bàbá mi, mo bi Káyọ̀dé. Yèyé ní kí n jẹ́ kí òkú sùn. Àpótí ìrókò náà ṣófo ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì jókòó lórí rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yẹn kún, ká ní ó dé Ìgbẹmọ, tó jókòó ti Bàbá Ìlá, tó sì ṣí aṣọ ìnujú rẹ̀, báwo ni Bàbá àgbà ì bá ṣe bẹ̀rẹ̀: "Tíṣà kan wà," àbí "Èmi ni"?